Ooru Kún Inú Ilé, Kí Ló Wá Pa Ọ̀pẹ?

Obìnrin kan tí a jọ ń gbé àdúgbò kan náà ní Peckham, ní ìlú London, ra ọ̀pẹ kan sí pálọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Igi náà ga tó ọmọ ọdún méje, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó ń dán bí ẹni tí wọ́n fi òrí pa lára. Nígbà tí òtútù dé, aládùúgbò mi gbé ọ̀pẹ rẹ̀ sún mọ́ hítà, ó ní ọmọ ilẹ̀ olóoru ni, bíi ti òun náà. Àràárọ̀ ló ń bu omi sí i nídìí. Kí oṣù Kejì tó parí, etí ewé ti gbẹ bí ìgbálẹ̀, ìdí ìkòkò ń rùn. Nígbà tó fọwọ́ kan ọ̀gọ́mọ̀ tó wà láàárín, ńṣe ló yọ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní òtútù ló pa á. Òtútù wo? Ẹ̀yin náà ẹ wo ilé mi."

Mo wò ó. Ilé gbóná débi pé mo ní láti bọ́ súwẹ́tà.

Ìbéèrè orí yìí nìyẹn. Bí yìnyín bá wà níta, tí ooru sì kún inú ilé, kí ló ń pa ọ̀pẹ inú ìkòkò? Ìdáhùn mi ò gùn, àlàyé rẹ̀ ló gùn: ìtọ́jú ni. Ooru tí a fi kẹ́ ẹ àti omi tí a fi gẹ̀ ẹ́ ló gbìmọ̀ pọ̀ pa á, òkùnkùn ló sì ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ká má purọ́ mọ́ òtútù, òun náà lè pa ọ̀pẹ. Ẹni tó bá ti gbé ìgò epo pupa sí ilé ìdáná tí kò ní hítà ní London lóṣù Kìíní mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Epo tó ń ṣàn wọ́ọ́rọ́ ní Ìbàdàn á dì gbagidi, ṣíbí la ó fi máa wà á. Ara ọ̀pẹ pàápàá ní ọ̀rá nínú. Àwọn yàrá tíntìntín tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ni a fi kọ́ ara gbogbo ohun abẹ̀mí, ọ̀rá sì wà nínú awọ tó yí yàrá kọ̀ọ̀kan ká. Awọ yìí gbọ́dọ̀ rọ̀, kí àwọn ẹnu ọ̀nà inú rẹ̀ lè máa ṣí kí wọ́n sì máa tì, kí omi àti iyọ̀ lè rí ọ̀nà gbà. Bí òtútù bá mú un, ọ̀rá náà á le bí epo inú ìgò. Ẹnu ọ̀nà á há, awọ á máa jò, ewé á ṣú dúdú bí ẹni da omi gbígbóná sí i. Kò dìgbà tí omi bá di yìnyín kí èyí tó ṣẹlẹ̀; fún ọ̀pọ̀ ọ̀pẹ ilẹ̀ olóoru, òru mélòó kan tí òtútù bá wọlẹ̀ ju 10 °C lọ ti tó. Mo pe èyí ní ìdì-ọ̀rá, kí a má baà dà á pọ̀ mọ́ ìdì-omi, níbi tí omi inú ewé ti ń di yìnyín gidi, tó sì ń fa awọ sẹ́ẹ̀lì ya.

Nínú ilé tí hítà ń ṣiṣẹ́, ibi tí ìdì-ọ̀rá ti sábà máa ń rí ọ̀pẹ mú ni àárín kọ́tìnnì àti gíláàsì fèrèsé, lóru. Ẹni tó fa kọ́tìnnì tó sì sé ọ̀pẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì, ìta ló gbé e sùn. Ewé tó bá fara kan gíláàsì pàápàá lè kú níbi tó ti fara kàn án, kí ìyókù máa gbádùn. (Irú ọ̀pẹ kan wà tí ìyẹn ò kàn: Trachycarpus fortunei, ará China, tó ń dá dúró nínú ọgbà àwọn aláwọ̀ funfun, tí yìnyín ń bọ́ lé lórí tí kò mira. Inú ilé gbígbóná gan-an ni ìyà rẹ̀ wà.)

Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ aládùúgbò mi kò sún mọ́ fèrèsé. Ẹ̀gbẹ́ hítà ló wà. A dá òtútù sílẹ̀, kó máa lọ sílé.

Ẹ jẹ́ ká wá wo afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ dà bí kànìnkànìn: omi wà nínú rẹ̀ tí ojú ò rí. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, kànìnkànìn náà á sún kì. Bí ó bá gbóná, á fẹ̀. Fojú inú wo àpótí kan tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Nígbà tí ìwọ̀n òtútù bá wà ní 0 °C, afẹ́fẹ́ inú àpótí yìí kò lè gba ju nǹkan bíi gíráàmù 5 omi lọ. Ní 20 °C, ó lè gba bíi gíráàmù 17. Báyìí, mú afẹ́fẹ́ ìta, tó ti mu gíráàmù 5 rẹ̀ yó, jẹ́ kó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, kí o wá fi hítà mú un gbóná dé 20 °C. Kànìnkànìn ti fẹ̀, omi inú rẹ̀ kò sì kúrò ní gíráàmù 5. Afẹ́fẹ́ tó yó níta ti di ẹni tí ebi ń pa nínú ilé. Omi tó wà lára rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta ohun tó lè gbà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá omi kiri: lára ètè, lára awọ ẹsẹ̀, lára àga onígi, lára ewé.

A mọ irú afẹ́fẹ́ yìí nílé. Ọyẹ́ ni. Aṣálẹ̀ Sahara ni ọyẹ́ tiwa ti ń gbé gbígbẹ rẹ̀ bọ̀, hítà ló ń ṣe ti òyìnbó, ṣùgbọ́n ọṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Òjò lè máa rọ̀ ní London láti àárọ̀ dalẹ́, kí ilẹ̀ tutù rinrin, síbẹ̀ kí ọyẹ́ máa fẹ́ nínú pálọ̀.

Báwo ni ọyẹ́ ilé yìí ṣe ń dé etí ewé? Ewé ní àwọn ihò tíntìntín, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n pọ̀ sí jù. Ó ń ṣí wọn kí afẹ́fẹ́ tó fẹ́ fi ṣe oúnjẹ lè wọlé, bí wọ́n bá sì ti ṣí, omi á gba ibẹ̀ jáde. Òógùn ewé ni ká máa pe omi yìí. Bí ẹ̀kán kan ti ń jáde lókè, ó ń fa èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn náà ń fa ti ẹ̀yìn, títí kan omi tó wà lẹ́nu gbòǹgbò, bí okùn tí a fi ń fa omi nínú kànga. Etí ewé ló jìnnà jù sí kànga. Ẹni tó bá ti gbé ilé tó kángun sí òpin páìpù omi ládùúgbò á mọ̀ ọ́n: bí gbogbo ará iwájú bá ṣí ẹ̀rọ omi wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀kán-ẹ̀kán ni tìrẹ á máa kán, tó bá kán rárá. Ìdí nìyẹn tí gbígbẹ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó ewé tí a ó sì rí i tó ń bọ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé wọ́n á ra ìgò tí wọ́n fi ń fín omi, wọ́n á máa fín in sára ewé. Kò burú, ṣùgbọ́n kò níṣẹ́. Omi yẹn á gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, afẹ́fẹ́ pálọ̀ á sì padà sí bó ṣe wà. Ó dà bí ẹni fi ìka kan omi kan ahọ́n ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí a mú ọ̀pẹ kúrò níwájú hítà, kí a kó àwọn ewéko inú ilé jọ kí òógùn wọn lè ran ara wọn lọ́wọ́, tàbí kí a ra ẹ̀rọ tó ń tú omi sínú afẹ́fẹ́. Ilé ìwẹ̀ tó bá ní fèrèsé dára fún un. Aṣọ tí ẹ fọ̀ tí ẹ sá sínú ilé nítorí òjò náà ń ṣiṣẹ́ yìí láìgba owó, bí ara ògiri bá lè gbà á.

Hítà ṣì ní ẹ̀sùn mìíràn láti jẹ́, òun ni àwọn ènìyàn kì í sì í fura sí. Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀.

Ní Èkó, yálà oṣù Kẹfà ni o tàbí oṣù Kejìlá, ojúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ kúrò ní wákàtí 12. Ní London, ọjọ́ tó gùn jù nínú oṣù Kẹfà lé ní wákàtí 16. Ní ìparí oṣù Kejìlá, kò pé wákàtí 8. Nínú wákàtí tí kò pé 8 yìí, oòrùn ọ̀sán gangan kì í gòkè ju bí ìwọ̀n 15 lórí ìlà ojú ọ̀run. Orí òrùlé ilé ló máa ń rá kiri bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Kùrukùru á tún bò ó. Gíláàsì á gba tirẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ̀nba tó kù ló ń wọ pálọ̀, bí o bá sì fi mítà méjì péré sún sẹ́yìn fèrèsé, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti lọ.

Ojú wa kò ṣeé fi ṣe ẹlẹ́rìí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọlójú ń fẹ̀ bí ibi bá ṣókùnkùn, ọpọlọ á sì sọ fún wa pé kò sí ìyàtọ̀. Ewé kò ní ọmọlójú. Ẹ lè fi ọwọ́ dán an wò: ní ọ̀sán, ẹ na ọwọ́ sókè ìwé funfun kan níbi tí ọ̀pẹ wà. Bí ẹ kò bá rí òjìji ọwọ́ yín lórí ìwé náà, ebi ń pa ọ̀pẹ yẹn.

Ebi ni mo wí, ó sì yé mi bí mo ṣe wí i. Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ fún ewé. Iná ìdáná rẹ̀ ni. Ewé ń mú omi láti ilẹ̀, ó ń mú afẹ́fẹ́ tí a mí síta, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ sè é, ó sì ń di ṣúgà. Mo ń pe iṣẹ́ yìí ní ìfoòrùn-dáná. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ tún ń mí, tọ̀sán tòru, bíi tiwa, ìmí yìí sì ń jó ṣúgà. Owó ń wọlé nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, owó ń jáde ní gbogbo ìgbà. Ibì kan wà tí ìmọ́lẹ̀ lè kéré dé tí èyí tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde á ṣe déédéé. Ẹ jẹ́ ká pè é ní àlà ìdọ́gba. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ju àlà yìí lọ, ọ̀pẹ á jèrè, á fi èrè náà yọ ewé. Bí kò bá tó o, ọ̀pẹ á máa jẹ ojú owó rẹ̀, ìyẹn oúnjẹ tó ti kó pamọ́ sínú igi àti gbòǹgbò láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oníṣòwò tó ń jẹ ojú owó lè máa rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pẹ náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìparí ìgbà òtútù ló sábà máa ń kú, nígbà tí àwa ti rò pé ewu ti kọjá.

Ibí ni ẹ̀sùn hítà ti le. Bí ibi tí ọ̀pẹ wà bá fi ìwọ̀n 10 gbóná sí i, ìmí rẹ̀ ń yára tó bí ìlọ́po méjì, ìnáwó rẹ̀ náà á sì di ìlọ́po méjì. Ooru kò mú ìmọ́lẹ̀ wá. Nítorí náà, pálọ̀ tó gbóná tó sì ṣókùnkùn burú fún ọ̀pẹ ju yàrá tó tutù díẹ̀ lọ, nítorí ńṣe ni a mú kí ó máa náwó méjì lásìkò tí kò rí ẹyọ kan gbà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, ẹ jẹ́ kí yàrá rẹ̀ tutù díẹ̀ lóru, bíi 15 sí 18 °C. Fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ló dára jù, nítorí apá ibẹ̀ ni oòrùn ń gbà kọjá ní ìlú òyìnbó. Ẹ fi aṣọ tútù nu eruku ara ewé. Bí ẹ bá lè tan gílóòbù LED tó mọ́lẹ̀ dáadáa sí i lórí fún wákàtí 12 lójúmọ́, ẹ ti gbà á lọ́wọ́ gbèsè.

Àwọn tó kọ́ Ilé Ọ̀pẹ sínú ọgbà Kew, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn London, mọ èyí dáadáa. Ọdún 1844 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n parí rẹ̀ ní 1848. Decimus Burton àti Richard Turner ló ṣe é. Irin àti gíláàsì ni láti òkè délẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé láti gbogbo ìhà. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n gbé ìkòkò iná rẹ̀ sí nígbà náà, èéfín rẹ̀ ń gba ihò abẹ́ ilẹ̀ lọ jáde lórí ilé ìṣọ́ kan tó jìnnà sí i. Inú ilé náà tún rin fún omi, bí igbó ẹ̀yìn òjò. Ooru, ìmọ́lẹ̀, ọ̀rinrin: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fún ọ̀pẹ papọ̀. Àwa mú ẹyọ kan nínú mẹ́ta, a gbé e sí pálọ̀, a ní a ti ṣe é tán.

Àlà ìdọ́gba gbogbo ọ̀pẹ kò rí bákan náà. Erékùṣù kékeré kan wà láàárín Australia àti New Zealand tó ń jẹ́ Lord Howe, ilẹ̀ rẹ̀ kò tó ìwọ̀n kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbùú lóròó. Ibẹ̀ ni ọ̀pẹ kentia ti wá. Abẹ́ òjìji àwọn igi ńlá ló ti ń dàgbà, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ ti mọ́ ọn lára, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í sì í gbóná janjan. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó èso rẹ̀ lọ sí Yúróòpù ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó bá pálọ̀ àwọn ọlọ́lá tó ṣú dùdù fún èéfín èédú, kò sì kú níbẹ̀. Ọ̀pẹ areca, irú èyí tí aládùúgbò mi rà, ará Madagascar ni. Ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rinrin ju kentia lọ dáadáa, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré, ewé rẹ̀ pọ̀, òun sì ni ojú ń rí lọ́jà. Àwọn kan nínú wa a tún máa fẹ́ gbin ẹyìn ọ̀pẹ tiwa gan-an sínú ìkòkò, nítorí àárò ilé. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ọmọ oòrùn gbangba ni ọ̀pẹ tiwa, ìdàgbà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá bí òtútù bá ti dé 15 °C. Àlejò tó máa ń sunkún ni.

Ó ku omi. Gbòǹgbò ń mí bí ewé ti ń mí, àwọn àlàfo kéékèèké tó wà láàárín erùpẹ̀ ló sì ti ń rí afẹ́fẹ́. Bí omi bá kún àwọn àlàfo náà, afẹ́fẹ́ kò ní lè dé ibẹ̀ mọ́, àyàfi kó wọ́ gba inú omi kọjá, ìrìn yẹn sì fi bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá falẹ̀ ju ìrìn rẹ̀ nínú àlàfo lásán lọ. Gbòǹgbò á wá kú sómi. Àwọn ohun abẹ̀mí tí ń mú nǹkan jẹrà á dé, òórùn á bẹ̀rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé ń làágùn púpọ̀, erùpẹ̀ á gbẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà òtútù, ìmọ́lẹ̀ kò tó, ọ̀pọ̀ ihò ewé tì, kò sí ewé tuntun tó ń mu omi; erùpẹ̀ kan náà lè tutù fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wàyí o, gbòǹgbò tó ti jẹrà kò lè fa omi mọ́. Ewé á gbẹ. Ẹni tó ni ín á rí i pé ó ń gbẹ, á ní òùngbẹ ni, á tún bu omi sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Peckham nìyẹn: òùngbẹ pa ọ̀pẹ náà nínú omi.

Ẹ má fi ọjọ́ bomi rin ọ̀pẹ, ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣe é. Ẹ ki ìka bọ erùpẹ̀ dé oríkèé kejì; bó bá ṣì tutù níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi fẹ́ràn kí n gbé ìkòkò náà sókè díẹ̀, nítorí ìwúwo kì í parọ́, bí ẹni tó ń ta gààrí ṣe ń mọ àpò tó péye kó tó wọ̀n ọ́n. Bí ó bá fúyẹ́, ẹ bu omi sí i dáadáa títí yóò fi jáde nísàlẹ̀, kí ẹ da èyí tó wà nínú àwo ìsàlẹ̀ nù. Kí omi náà má tutù jù, nítorí omi ẹ̀rọ London lóṣù Kìíní lè dá gbòǹgbò níjì. Omi yẹn ní èròjà òkúta ẹfun púpọ̀ nínú; funfun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tìlì yín ń lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ náà, ó sì ń dákún gbígbẹ etí ewé. Omi òjò sàn jù ú lọ. Ajílẹ̀ kò sí fún un nígbà òtútù rárá. Ẹni tí kò lè dáná, kí ni yóò fi èlò ọbẹ̀ ṣe?

Kòkòrò kan tún wà tó fẹ́ràn ọyẹ́ inú ilé: àwọn ẹ̀dá pínníṣín ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n bá eégbọn àti aláǹtakùn tan. Eégbọn-ewé ni mo ń pè wọ́n. Nínú ilé gbígbóná tó gbẹ, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ẹyin wọn fi ń di àgbà tó ń yé ẹyin tirẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí ewé ní àmì funfun wínníwínní bí ẹni bu ìyẹ̀fun wọ́n ọn, tí òwú tẹ́ẹ́rẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ gbé igi náà wọ ilé ìwẹ̀ kí ẹ fi omi fọ abẹ́ ewé dáadáa, kí ẹ tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ẹ kò fi ní rí wọn mọ́.

Kí ló dé tí ọ̀pẹ kì í rí àtúnṣe bíi màǹgòrò? Gé màǹgòrò lórí, á rú láti ẹ̀gbẹ́. Igi ọ̀pẹ kan, orí kan ló ní. Ọ̀gọ́mọ̀, ewé tó ká jọ ṣóńṣó láàárín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ibi tí ìdàgbà ti ń wá. Bí ibẹ̀ bá jẹrà, igi yẹn ti parí, bí ewé ìsàlẹ̀ tilẹ̀ ṣì tutù fún oṣù mélòó kan. Ọ̀pẹ oníwọ̀jọ bí areca lè ní igi mìíràn láàyè nínú ìkòkò kan náà, ṣùgbọ́n èyí tó pàdánù ọ̀gọ́mọ̀ rẹ̀ kò ní padà. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má máa da omi sórí ọ̀gọ́mọ̀ nígbà òtútù. Ẹ má sì tètè gé ewé ìsàlẹ̀ tó ń pọ́n: ó ń kó potássíọ̀mù àti magnésíọ̀mù ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ewé ọ̀dọ́ ni, bí àgbà tó ń pín ogún kó tó lọ. Ẹ gé ṣóńṣó tó gbẹ nìkan, kí ẹ ṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ kù lára ibi gbígbẹ náà, kí ọ̀bẹ má baà kan ibi tó tutù.

Aládùúgbò mi ra òmíràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kentia ló rà. A gbé e sẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí gúúsù, níwájú kọ́tìnnì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi bírò fa ìlà kan sára ọ̀gọ́mọ̀ rẹ̀, mo fa òmíràn sára ọ̀pá ewé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí méjèèjì bá ara wọn mu. Ewé tó ti là kì í ga sí i mọ́, ọ̀gọ́mọ̀ nìkan ló ń gòkè. Bí ìlà méjèèjì bá pínyà, ọ̀pẹ ń jẹun nìyẹn. Gbogbo oṣù Kejìlá, wọn kò pínyà. Oṣù Kìíní, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pè mí pé ṣé kí òun fún un lómi díẹ̀, mo ní kó gbé ìkòkò náà wò, ó ní ó ṣì wúwo, mo ní kó gbé e kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹta, ó pè mí kí n tó jí. "Ẹ̀gbọ́n, ó ti kúrò! Ó fi bí èékánná kan ga ju ìlà kejì lọ. Ṣé mo lè bomi rin ín báyìí?"

Mo ní kó kọ́kọ́ gbé ìkòkò náà wò.